VM lórí sáfà Linux: àwọn ìbéèrè tó máa ń wọlé, àti èsì wọn

KVM, QEMU àti libvirt, àwọn ètò tí a fi ń dá VM, ni èsì wọ̀nyí dá lé lórí, torí àwọn ni mo ń lò. Orí Debian àti Ubuntu ni mo ti ń kọ àwọn àṣẹ tó wà níbí. Ẹni tó bá ń lo Fedora yóò fi dnf rọ́pò apt, orúkọ ohun tó máa fi sórí ẹ̀rọ á sì yàtọ̀ díẹ̀. Kí ọ̀rọ̀ má baà lọ́ pọ̀, "onílé" ni mo máa pe sáfà tí ẹ lè fọwọ́ kàn, "àlejò" ni mo máa pe VM (virtual machine) tó ń gbé inú rẹ̀.

## Kí ni VM gan-an, kí ló sì fi yàtọ̀ sí kọ̀nténà?

VM jẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi sọ́fítíwíà mọ. Ó ní CPU, RAM, dísìkì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tirẹ̀, ó sì ń tan kernel tirẹ̀, ìyẹn ọkàn ètò tó ń darí ẹ̀rọ, bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Kọ̀nténà, ìyẹn àpótí tí ètò ń gbé nínú rẹ̀ lórí onílé, kò ní kernel tirẹ̀. Ti onílé ni gbogbo wọn jọ ń lò. Ìdí nìyẹn tí kọ̀nténà fi ń yára tàn tí kì í sì í jẹ RAM púpọ̀. Ìdí kan náà ni ẹ kò fi lè gbé FreeBSD, tí kernel rẹ̀ yàtọ̀, sínú kọ̀nténà lórí Linux. Bí àlejò bá nílò kernel tó yàtọ̀, tàbí tí ẹ kò fọkàn tán ẹni tó fẹ́ lò ó, VM ni kí ẹ dá. Bó bá jẹ́ ètò kan ṣoṣo tí ẹ fúnra yín kọ, kọ̀nténà ti tó, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín lágara.

## KVM, QEMU, libvirt, virsh: èwo nínú wọn ló ń ṣe iṣẹ́ náà?

Gbogbo wọn ni. KVM wà nínú kernel láti 2.6.20 tó jáde ní 2007. Òun ló ń jẹ́ kí CPU gidi máa ṣe iṣẹ́ àlejò ní tààràtà. QEMU, tí Fabrice Bellard bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ló ń ṣe àfarawé ohun yòókù: dísìkì, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì, kíbọ́ọ̀dù, títí dé ẹ̀rọ flọ́pì tí ẹnikẹ́ni kò lò mọ́. Libvirt ni alámòójútó tó ń rántí ẹni tó ń gbé níbẹ̀ àti ohun tó yẹ kó ní. Virsh ni ẹnu tí a fi ń bá libvirt sọ̀rọ̀.

Nípa flọ́pì yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín o. Ní 2015, wọ́n rí àṣìṣe kan nínú kóòdù rẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní VENOM, àlejò sì lè gba ibẹ̀ jáde wá bá onílé. Ẹni tó ti yọ flọ́pì kúrò lára VM rẹ̀ pàápàá kò bọ́, torí kóòdù náà ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀. Nítorí náà, bí QEMU tuntun bá dé, ẹ gbà á, kí ẹ sì pa àwọn àlejò, kí ẹ tún wọn tàn, torí QEMU àtijọ́ ni èyí tó ti tàn tẹ́lẹ̀ ṣì ń lò.

## Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ bóyá sáfà mi lè gba VM?

Ẹ bi CPU rẹ̀ léèrè:

    grep -Ec '(vmx|svm)' /proc/cpuinfo

Vmx ni ti Intel, svm ni ti AMD. Bó bá dáhùn pé 0, CPU náà kò lè ṣe é tàbí wọn kò fi agbára yẹn hàn án. Bí iye rẹ̀ bá ju 0 lọ, ẹ wò ó bóyá /dev/kvm wà. Bí kò bá sí, ẹ ka dmesg (ìròyìn tí kernel ń kọ sílẹ̀): bí ẹ bá rí "disabled by bios" níbẹ̀, ẹ tún sáfà tàn, ẹ wọ inú BIOS, kí ẹ tan VT-x tàbí SVM.

Bí sáfà yín fúnra rẹ̀ bá jẹ́ VM tí ẹ ń san owó lé lórí, àfi kí ẹni tó ni ín gbà kí VM wà nínú VM. Láìsí KVM, QEMU ṣì máa ṣiṣẹ́, àmọ́ sọ́fítíwíà ni yóò máa túmọ̀ gbogbo ohun tí CPU àlejò bá fẹ́ ṣe, á sì máa rìn bí ìgbín.

## Kí ni mo máa fi sórí rẹ̀?

    sudo apt install qemu-system-x86 qemu-utils libvirt-daemon-system libvirt-clients virtinst
    sudo usermod -aG libvirt $USER
    sudo virt-host-validate qemu

Lẹ́yìn àṣẹ kejì, ẹ jáde kí ẹ tún wọlé, kí ẹgbẹ́ tuntun náà tó mọ̀ yín. Àṣẹ kẹta á yẹ gbogbo nǹkan wò, á sì sọ ohun tó kù. Ẹ fi sọ́kàn pé ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ libvirt kò yàtọ̀ sí root, ọ̀gá tó láṣẹ lórí gbogbo ẹ̀rọ, torí ó lè so dísìkì onílé mọ́ àlejò kó sì ka ohun tó wù ú. Ẹ má fi ẹnikẹ́ni kàn ṣáá síbẹ̀.

## Mo dá VM lánàá, virsh list kò fi í hàn mí lónìí. Ṣé ó ti sọnù ni?

Kò sọnù. Ohun méjì ló sábà máa ń fà á. Àkọ́kọ́, virsh list kì í ka àwọn tí kò tàn; virsh list --all ni kí ẹ lò. Èkejì ló ń da orí ọ̀pọ̀ èèyàn rú: libvirt ní ilé méjì. Èyí tó ń jẹ́ qemu:///system wà fún gbogbo ẹ̀rọ náà, qemu:///session sì wà fún ẹni kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá fi sudo dá VM tí ẹ wá ń wá a láìsí sudo, ojú ọ̀nà mìíràn ni ẹ ń kàn. Ẹ fi ìlà yìí sínú ~/.bashrc kí ẹ lè bọ́:

    export LIBVIRT_DEFAULT_URI=qemu:///system

## Báwo ni mo ṣe máa dá VM àkọ́kọ́ láìsí ojú ìwòran?

    virt-install --name web1 --memory 2048 --vcpus 2 \
      --disk size=20 --osinfo debian12 \
      --location https://deb.debian.org/debian/dists/bookworm/main/installer-amd64/ \
      --network network=default --graphics none \
      --extra-args 'console=ttyS0'

MiB ni wọ́n fi ń ka memory, GiB ni wọ́n fi ń ka size. Ẹ má fo --osinfo, torí òun ló ń sọ fún virt-install pé àlejò yìí gbọ́ èdè virtio, ìyẹn dísìkì àti káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí kì í díbọ́n pé òun jẹ́ ẹ̀rọ gidi. Láìsí virtio, QEMU á máa ṣe àfarawé ohun èlò àtijọ́, àlejò á sì máa falẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ń rí jù ni pé kí ẹni kan fi --cdrom rọ́pò --location, kó tún fi --graphics none sí i. Orí ojú ìwòran tí kò sí ni ISO (fáìlì CD installer) tó fún --cdrom ń kọ̀wé sí, ẹni náà á sì jókòó síwájú òkùnkùn biribiri. Pẹ̀lú --location nìkan ni --extra-args ń ṣiṣẹ́.

Bó bá di VM kẹta tàbí ìkẹrin, ìbéèrè installer á ti sú yín. Ẹ gba image (dísìkì tí wọ́n ti fi ètò sí tán) tí Debian tàbí Ubuntu ti ṣe sílẹ̀ fún cloud, ẹ fi --import pè é, kí ẹ sì fi --cloud-init user-data= tọ́ka sí fáìlì tí kọ́kọ́rọ́ SSH yín (tí a fi ń wọ ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn) wà nínú rẹ̀. Kò ní tó ìṣẹ́jú kan tí ẹ ó fi wọlé.

## Virsh console dákẹ́, kò sọ nǹkan kan. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ kọ́kọ́ tẹ Enter. Bó bá ṣì dákẹ́, ẹ gba SSH wọ inú àlejò, kí ẹ tan ìdáhùn rẹ̀ lórí ttyS0:

    sudo systemctl enable --now serial-getty@ttyS0

Virsh domifaddr web1 á sọ IP rẹ̀ fún yín. Ctrl àti ] ni ẹ fi ń jáde nínú console.

## Kí ni ìyàtọ̀ láàárín shutdown, destroy àti undefine?

Orúkọ destroy ń dẹ́rù bani ju iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Virsh shutdown ń bẹ àlejò pé kó palẹ̀ mọ́. Àlejò lè kọtí ikún. Virsh destroy fa wáyà iná yọ ni, kò pa dísìkì rẹ́, àmọ́ ohun tí àlejò kò tíì kọ sílẹ̀ lè ṣòfò. Virsh undefine ló ń pa orúkọ VM rẹ́ nínú ìwé libvirt. Dísìkì á ṣì wà. Èyí tí ó yẹ kí ẹ̀rù rẹ̀ máa bà yín ni undefine tí ẹ bá fi --remove-all-storage kún, torí òun kì í bi yín léèrè lẹ́ẹ̀kejì. Bí àlejò náà bá ń lo UEFI (arọ́pò BIOS), undefine á kọ̀ títí ẹ ó fi fi --nvram kún un.

## qcow2 ni àbí raw? Báwo ni mo ṣe máa tọ́jú dísìkì àlejò?

Dísìkì àlejò kò ju fáìlì kan lọ lórí dísìkì onílé, ní /var/lib/libvirt/images bí ẹ kò bá yí i padà. Irú fáìlì méjì ni raw àti qcow2. Raw kò ní ọgbọ́n kankan nínú, ó sì fi ìyẹn yá díẹ̀. Qcow2 lè ṣe snapshot (àwòrán bí dísìkì ṣe rí ní àkókò kan), ó lè jókòó lórí fáìlì mìíràn tó jẹ́ ìpìlẹ̀ fún un, kì í sì í gba àyè tí wọn kò tíì kọ nǹkan sí. Qcow2 ni mo ń lò fún ohun gbogbo, àfi database tí iṣẹ́ rẹ̀ wúwo, tí mo máa ń fún ní LVM (apá kan dísìkì onílé tí kò gba inú fáìlì kọjá).

Àyè tí qcow2 kì í tètè gbà yìí ni wàhálà ti ń wá. Ẹ ṣèlérí 100 GB fún àlejò, fáìlì rẹ̀ kò ju 3 GB lọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọkàn yín balẹ̀, ẹ tún ṣèlérí fún òmíràn. Mo ti ṣe é rí: àlejò mẹ́ta, 100 GB lórúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, dísìkì onílé kò sì ju 200 lọ. Lóru ọjọ́ kan, log ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dúró gbagidi. Odindi wákàtí kan ni mo fi ń da ẹ̀sùn sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́rùn kí n tó rántí lu df -h lórí onílé: 100%. Nígbà tí mo padà wọ inú àwọn àlejò náà, df ti méjì nínú wọn ṣì ń sọ pé bí ìdajì àyè wọn ló ṣófo. Àwọn àgbà ní àlejò lójú, kò fi ríran. Ìlérí ni àlejò ń rí, kì í rí dísìkì.

Ohun tí QEMU ń ṣe nírú àsìkò bẹ́ẹ̀ dára. Ó máa ń dá àlejò dúró síbi tó dé. Virsh list á pè é ní paused, virsh domblkerror web1 á sọ ìdí. Ẹ wá àyè lórí onílé, kí ẹ wá lu virsh resume web1, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni tó jí lójú oorun. Ẹni tó bá fi ìkánjú destroy rẹ̀ ló máa ń fi fsck (títún dísìkì tó bàjẹ́ ṣe) jẹ oúnjẹ alẹ́.

Píparẹ́ fáìlì nínú àlejò kì í dá àyè padà fún onílé. Ẹ fi virsh edit fi discard='unmap' sí ìlà driver dísìkì náà, ẹ pa àlejò kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì jẹ́ kí fstrim, tó ń sọ àyè tó ṣófo fún onílé, máa ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí ẹ máa fi qemu-img info ka virtual size gbogbo wọn pọ̀. Bó bá ju dísìkì onílé lọ, gbèsè ni ẹ jẹ. Kò burú bí ẹ bá mọ̀, tí ohun kan sì wà tó máa ké sí yín nígbà tó bá di 80%.

## Dísìkì àlejò ti kún. Ṣé mo lè fẹ̀ ẹ́ láìpa á?

Bẹ́ẹ̀ ni. Lórí onílé (vda ni orúkọ dísìkì àkọ́kọ́ àlejò):

    virsh blockresize web1 vda 40G

Lẹ́yìn náà, nínú àlejò, growpart /dev/vda 1 á fẹ partition (ìpín dísìkì), resize2fs /dev/vda1 á fẹ ext4. Bó bá jẹ́ XFS, xfs_growfs ni. Lórí Debian, installer máa ń fi swap (àyè dísìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́) sẹ́yìn partition àkọ́kọ́, swap yẹn á sì dínà mọ́ growpart. Ẹ kọ́kọ́ pa swap, ẹ yọ partition rẹ̀ àti ìlà rẹ̀ nínú /etc/fstab, ẹ fẹ partition àkọ́kọ́, kí ẹ wá fi fáìlì ṣe swap mìíràn.

Ní ti kí ẹ dín in kù, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má dán an wò. Ẹ dá dísìkì kékeré tuntun, kí ẹ kó ẹrù lọ síbẹ̀.

## Mo ń ya snapshot lójoojúmọ́. Ṣé ìyẹn kò tó fún ìpamọ́?

Kò tó. Orí dísìkì kan náà ni snapshot àti ohun tó ń dáàbò bò jọ wà. Bí dísìkì bá kú, àwọn méjèèjì á jọ kú. Snapshot dára fún wákàtí díẹ̀: ẹ fẹ́ ṣe àyípadà ńlá, ẹ yà á, ẹ dán an wò, ẹ padà sẹ́yìn tàbí ẹ pa á rẹ́. Èyí tó wà níta, tí ẹ fi --disk-only yà, tún ń dá fáìlì tuntun sílẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan á máa gùn lórí èkejì. Mo ti rí ẹni tó wo fáìlì àtijọ́ lára wọn, tó ní kò wúlò mọ́, tó sì pa á rẹ́. Ìpìlẹ̀ ilé ló wó. Kí ẹ tó pa ohunkóhun rẹ́, ẹ da gbogbo rẹ̀ pọ̀:

    virsh blockcommit web1 vda --active --pivot

Fún ìpamọ́ gidi, ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ẹ pa àlejò, kí ẹ kó ẹ̀dà dísìkì rẹ̀ lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, kí ẹ sì tan án padà. Bí kò bá ṣeé pa, ẹ fi qemu-guest-agent sínú rẹ̀, kí ẹ fi --quiesce kún --disk-only; fsfreeze á mú kó dá ọwọ́ kíkọ dúró díẹ̀. Ẹ kó ẹ̀dà fáìlì ìpìlẹ̀, kí ẹ wá ṣe blockcommit. Ẹ má gbàgbé virsh dumpxml web1, torí dísìkì láìsí XML rẹ̀ (ìwé tí libvirt kọ nípa VM náà) dà bí ẹrù láìsí orúkọ lára. Kí ẹ sì máa gbìyànjú láti jí ẹ̀dà náà dìde níbòmíràn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

## Àlejò mi ń rí íntánẹ́ẹ̀tì, àmọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn kò rí i. Kí ló bàjẹ́?

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jẹ́ default máa ń so àlejò mọ́ virbr0 lórí 192.168.122.0/24, ó sì ń lo NAT. Bí àlejò bá ń jáde, aṣọ onílé ló ń wọ̀. Àwọn ará ìta ò mọ̀ pé ó wà. Bí ẹ bá fẹ́ kó ní IP tirẹ̀ láàárín àwọn yòókù, ẹ ṣe bridge, ìyẹn afárá tó so àlejò mọ́ káàdì onílé. Nínú netplan, ètò tí Ubuntu fi ń ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì:

    network:
      version: 2
      ethernets:
        eno1:
          dhcp4: no
      bridges:
        br0:
          interfaces: [eno1]
          dhcp4: yes

Ẹ fi orúkọ káàdì tiyín rọ́pò eno1, kí ẹ sì fi --network bridge=br0 dá àlejò. Bó bá jẹ́ SSH nìkan ni ẹ fi ń dé ọ̀dọ̀ sáfà náà, ẹ wá ọ̀nà mìíràn sílẹ̀ kí ẹ tó lu netplan apply, torí ẹ̀ka tí ẹ jókòó lé ni ẹ fẹ́ gé yẹn.

Wi-Fi kì í sábà gba bridge. Macvtap, ọ̀nà mìíràn láti so àlejò mọ́ káàdì onílé, kò nílò bridge, àmọ́ onílé àti àlejò kò ní lè bára wọn sọ̀rọ̀ tààrà, ohun tó máa ń ya ọ̀pọ̀ lẹ́nu.

Bí àlejò orí br0 bá sì ṣàdédé pàdánù nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ́jọ́ tí ẹ fi Docker (ètò tó ń dá kọ̀nténà) sórí onílé, Docker ni ẹ mú. Ó máa ń yí FORWARD nínú iptables, aṣọ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì onílé, sí DROP, ohun tó ń kọjá lórí bridge náà á sì kó sínú rẹ̀. Àṣẹ yìí á tú u sílẹ̀:

    sudo iptables -I DOCKER-USER -i br0 -o br0 -j ACCEPT

## Ṣé mo lè pín RAM àti CPU ju èyí tí mo ní lọ?

CPU, bẹ́ẹ̀ ni, torí ọ̀pọ̀ àlejò kì í ṣe nǹkan kan lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ máa wo "st" nínú top àlejò: ìyẹn ni àsìkò tó fẹ́ ṣiṣẹ́ tí onílé kò fún un ní CPU. Bó bá ń wà lókè gbogbo ìgbà, ẹ ti pín in jù.

RAM, rárá. Bí RAM onílé bá tán, kernel á wá ẹni tó ń jẹ ẹ́ jù láti pa, ẹni yẹn sì sábà máa ń jẹ́ QEMU àlejò yín tó tóbi jù, ìyẹn èyí tó ṣe pàtàkì jù. Balloon lè gba RAM padà lọ́wọ́ àlejò, àmọ́ libvirt kì í ṣe é fúnra rẹ̀; ẹ̀yin lẹ máa lu virsh setmem. Ẹ fi 2 GB ó kéré tán sílẹ̀ fún onílé.

## Sáfà tún tàn, àlejò kò tàn.

Ẹ sọ fún libvirt pé kó máa tan àlejò àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ fúnra rẹ̀:

    virsh autostart web1
    virsh net-autostart default

## Mo fi virt-clone ṣe ẹ̀dà méjì, àwọn méjèèjì wá ń jà lórí IP kan.

Virt-clone ń yí MAC (àdírẹ́sì káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì) padà, àmọ́ kì í wọ inú dísìkì. /etc/machine-id wọn ṣì dọ́gba, ibẹ̀ sì ni systemd-networkd ti ń mú orúkọ tó fi ń bẹ DHCP fún IP. Kọ́kọ́rọ́ SSH wọn náà dọ́gba, èyí tó burú ju ìjà IP lọ. Ẹ pa ẹ̀dà náà (ẹ jẹ́ ká pè é ní web2), ẹ lu virt-sysprep -d web2, tó ń nu àmì ìdánimọ̀ àtijọ́ kúrò, kí ẹ tó tan án. Inú guestfs-tools tàbí libguestfs-tools ni virt-sysprep wà. Ẹ má lù ú sórí àlejò tó ń ṣiṣẹ́ o. Ó tún máa ń pa kọ́kọ́rọ́ SSH àtijọ́ rẹ́, bẹ́ẹ̀ lórí Debian, tuntun kì í hù fúnra rẹ̀. Ẹ gba console wọlé, kí ẹ lu ssh-keygen -A.

## Windows ńkọ́?

Ó ń ṣiṣẹ́. Installer rẹ̀ kò mọ virtio, nítorí náà kò ní rí dísìkì kankan. Ẹ so ISO virtio-win mọ́ ọn bíi CD kejì, kí ẹ yan driver láti ibẹ̀.

## Ṣé mo lè gbé àlejò láti sáfà kan sí òmíràn láìpa á?

    virsh migrate --live web1 qemu+ssh://sáfà-kejì/system

Àwọn sáfà méjèèjì ní láti máa rí dísìkì náà, bíi lórí NFS (dísìkì tí a pín lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì), àfi bí ẹ bá fi --copy-storage-all kún un. Ohun tó sábà ń kọ ẹsẹ̀ ni CPU: àlejò tí ẹ dá pẹ̀lú host-passthrough ti mọ gbogbo ẹ̀bùn CPU onílé àkọ́kọ́, bí èkejì kò bá sì ní wọn, wàhálà dé. Ẹ yan CPU tí àwọn méjèèjì lè ṣe kí ẹ tó dá àlejò náà.

## Mi ò fẹ́ràn àṣẹ kíkọ. Ṣé ọ̀nà mìíràn wà?

Virt-manager lórí kọ̀ǹpútà yín lè gba SSH bá libvirt sáfà sọ̀rọ̀, kò sídìí láti fi ojú ìwòran sórí sáfà. Cockpit pẹ̀lú cockpit-machines á fún yín ní ojú ìwé lórí port 9090. Libvirt kan náà ni wọ́n jọ ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ lè fi Cockpit dá VM láàárọ̀ kí ẹ fi virsh pa á lálẹ́. Proxmox, ètò mìíràn tó ń bójú tó VM, yàtọ̀ ní tiẹ̀: KVM ló ń lò, àmọ́ kò gba ọ̀dọ̀ libvirt kọjá, virsh kò sì ní rí àwọn àlejò rẹ̀.